Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Àwọn Ènìyàn Ṣì Ń Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Déédéé?

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tí a rí gbà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ló jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Nítorí náà, a fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún wọn. A gé wọn kúrú díẹ̀ nítorí àyè, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí orúkọ ìjọ rẹ̀.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ, LÁTI ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, inú Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì bí mi sí. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ sì gbé ọ̀rọ̀ wá. Ó ní àwọn òyìnbó tó mú ẹ̀sìn yìí wá fún wa kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n ń ta ilé Ọlọ́run fún àwọn tó ń sọ ọ́ di ilé ọtí àti ilé gbígbé, kò sì ní pẹ́ tí irú rẹ̀ yóò fi ṣẹlẹ̀ nílé. Mo bá a jiyàn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsìn aago méje ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí àga gbọọrọ mẹ́fà tí kò sí ẹnì kan ṣoṣo lórí wọn. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìta ni ẹni tó bá pẹ́ dé ń dúró sí. Ṣé òótọ́ ni ọmọ mi ń sọ?

ÌDÁHÙN

Bàbá wa, ẹ kú àárò àwọn tó ń jókòó lórí àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn tẹ́lẹ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà fún un níbi tó ti jàre. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní ọdún 2021, àwọn tó pe ara wọn ní Krìstẹ́nì jẹ́ 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2011, 59.3 ni wọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní Krìstẹ́nì, ọ̀tọ̀ ni kí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó sì jáde. Nínú Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe ìyá tó bí Ìjọ Áńgílíkà tiwa, àwọn tó ń wá sí ìsìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò tó mílíọ̀nù kan mọ́, ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ju mílíọ̀nù 55 lọ. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ilé iṣẹ́ Gallup, tó ti pẹ́ tó ti ń bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè, rí i pé 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìjọ, sínágọ́gù tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2020, ó ti wálẹ̀ sí 47.

Ohun kan wà ṣá tí ó yẹ kí ẹ sọ fún un nígbà tó bá tún pè. Kì í ṣe òní ni àga ti ń ṣófo nílé àwọn òyìnbó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1851, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ìjọba wọn ní kí a ka gbogbo àwọn tó bá wá sí ìsìn jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n lè wá, àmọ́ tí wọ́n jókòó sílé, lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn aṣáájú ẹ̀sìn wọn lára púpọ̀. Nínú oṣù kan náà yẹn, ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, ni àwọn ọmọ ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Krìstẹ́nì díẹ̀ tó wà nílùú náà dúró sí ẹ̀yìn odi pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn. Ọdún 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì ti wọ Abẹ́òkúta láti máa gbé ibẹ̀. Èyí ni pé ní àkókò tí wọ́n ń ko ìhìn rere wá fún wa gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn ń sùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ pé lílọ tiwọn ló gbé tiwa ró, tiwa ì bá ti wó tipẹ́.

Kò sì wó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nílé níbí gbìyànjú láti wó o. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, tí ó tún bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ìjà ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n fọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù inú wọn, wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Krìstẹ́nì Ẹ̀gbá kó ẹrù wọn lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, wọ́n sì ń bá ìsìn wọn lọ níbẹ̀. Wọn kò ní ilé, wọn kò ní oko, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ tún bi ọmọ yín bóyá ó ti dé Woolwich rí, ní ìhà ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbé. Ilé sinimá ńlá méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1937, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síra wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni méjèèjì báyìí, àwọn ọmọ Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ ibẹ̀. Ní Southwark nìkan, tí í ṣe apá kan nínú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton ka 240 ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún 2013. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà ní etí Old Kent Road, nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n háyà. Àwọn Aládùúrà wa ti ń lu agogo ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1964, nígbà tí Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà bẹ̀rẹ̀ ìsìn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ yín rí tó di ilé ọtí, òótọ́ ni. Ilé sinimá tó di ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ni pẹ̀lú, àwọn ọmọ wa ló sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ti ilé ńkọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀, nítorí pé ìjọba wa kì í béèrè ẹ̀sìn mọ́ nígbà ìkànìyàn. Ọdún 1963 ni wọ́n béèrè rẹ̀ kẹ́yìn. Wọn kò béèrè rẹ̀ ní 1991, wọn kò sì béèrè rẹ̀ ní 2006. Ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí ni a ti ń gbọ́ iye tí a ní. Ní ọdún 2023, ibùdó ìwádìí kan ní Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà to àwọn orílẹ̀-èdè tí Ìjọ Àgùdà ti fìdí múlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, Nàìjíríà ló sì wà ní iwájú gbogbo wọn: 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Àgùdà wa tí wọ́n bi léèrè ló ní àwọn ń lọ sí Máàsì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kẹ́ńyà, tó tẹ̀lé wa, jẹ́ 73.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan sí i. Ẹni tí a bá bi léèrè sábà máa ń sọ bí ó ti wù ú kí òun rí. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi iye tí àwọn ènìyàn fẹnu sọ wé iye tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní tòótọ́, wọ́n sì rí i pé àwọn tó wá kò ju nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àwọn wá. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà níbí náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn olùjọ́sìn ilẹ̀ Yorùbá ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan yóò tún kà wọ́n dín, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi kọ́ nìkan ni wọ́n ń lọ. Ìjọ kan ní Ẹ̀kọ́ Bíbélì ní alẹ́ ọjọ́ Ajé; àwọn Sẹ̀lẹ́ ní ìsìn àánú ní ọjọ́rú, wọ́n sì ní ìsìn oṣù tuntun ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́; àwọn èrò tí ń lọ sí àgọ́ àdúrà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ló ń mú kí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dí títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹni tó bá lo gbogbo òru níbẹ̀, tó wá sùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ni a ó kọ síwájú orúkọ rẹ̀?

Àwọn kan sì wà tí àìwá wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rárá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì ènìyàn tó wá jọ́sìn. Bí ẹnì kan ní ìlú yẹn bá ń gbọ́ agogo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé, kí a má ṣe pè é ní aláìgbàgbọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àga mẹ́fà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, nígbà tí ìsìn aago méje bá parí, ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ wo àwọn tó ń wọlé fún ìsìn tó tẹ̀lé e. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi nínú àwọn ìlú ńlá wa, ìsìn Yorùbá ni ti kùtùkùtù, ti Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa wà. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka Sáàmù kan já ní Yorùbá, ìyẹn sì ń dùn mí ju àga tó ṣófo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Àwọn kan ti lọ sí Èkó, Àbújá àti Kánádà. Àwọn kan kọjá sí ìjọ mìíràn ní òpópónà kan náà. Àwọn kan kò sì lọ síbì kankan mọ́; kí a má tan ara wa jẹ. Ọ̀rọ̀ owó tí kò tán lórí pẹpẹ ló lé ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹnì kankan láti inú ìjọ tó yọjú.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi ni akọ̀wé ìjọ wa nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo sì máa ń bá a gbé ìwé ìsìn. Ìwé ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ni, wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí ojú rẹ̀: ọjọ́, ìsìn, ẹni tó wàásù, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, ọrẹ. Ní apá ọ̀tún pátápátá, àlàfo tóóró kan wà tí wọ́n ń kọ àkíyèsí sí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa kà. Bí iye tó wá bá wálẹ̀, bàbá mi á kọ “òjò” síbẹ̀, tàbí “ìsìnkú ní ìlú kejì.” Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ orúkọ ìyá àgbà kan tó ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó sì kọ “kò wá” tẹ̀lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún kọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ti ru omi àti igi ìdáná lọ sí ilé màmá náà, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ló wú, kò sì sí ọmọ nítòsí. Ìjọ wa kò tóbi. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ìjọ kan tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ láti fi ka èrò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọnù nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí yín ni pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ènìyàn ṣì ń lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń lọ púpọ̀ ju ti ilẹ̀ òyìnbó lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ ìjọ ń ka orí, wọn kò mọ ẹni. Ẹ̀yin mọ àwọn tó ń jókòó lórí àga mẹ́fà yẹn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ mú un tọ Wọ́dìnì tàbí àlùfáà yín lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ yín jù.

LẸ́TÀ KEJÌ, LÁTI ÌBÀDÀN

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Láti ìgbà àrùn kòrónà ni mo ti ń wo ìsìn lórí fóònù mi. Mo ń gbọ́ ìwàásù yékéyéké ju bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo sì ń fi ọrẹ ránṣẹ́ láti inú báńkì. Ìyá mi ní èmi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi ní mò ń lọ. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ìyá rẹ ló jàre, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìwọ jẹ̀bi.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, fóònù ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìjọ túká. Ní Èkó, oṣù kẹjọ ni wọ́n tó gba àwọn Krìstẹ́nì láyè láti padà wọlé, pẹ̀lú ìbòmú àti àga tó jìnnà síra. Odidi oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ẹlòmíràn kò fi fojú kan pẹpẹ. Ẹni tó bá ń bú fóònù lónìí, ó ti gbàgbé ohun tó ṣe fún wa nígbà náà. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, rédíò ni àwọn aláìsàn wa fi ń gbọ́ ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọn kò jọ́sìn. Títí di òní, arúgbó tí ẹsẹ̀ kò gbé, ìyá ọlọ́mọ tuntun, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, fóònù ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Ọlọ́run sì ń gbọ́ tiwọn.

Ìwọ ṣá, ara rẹ le, ṣọ́ọ̀ṣì kò sì jìnnà sí ilé tí o ń gbé. Ohun tí Ìwé Hébérù sọ ní orí kẹwàá, ẹsẹ 25, ni pé kí a má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀, ó sì sọ ohun tí ìpéjọpọ̀ náà wà fún: kí a máa gba ara wa níyànjú. Ìwàásù nìkan kọ́ ni ìsìn. Ìwọ ń gba ìyànjú láti orí fóònù, mo gbà. Ta ni ìwọ ń gbà níyànjú? Ọmọdébìnrin kan lè wà lórí àga kẹta láti ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tí kò mọ ẹnì kankan nílùú Ìbàdàn, tó ń wá ojú ẹni tó fi ọdún díẹ̀ ju òun lọ. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa náà kò ṣeé fi ránṣẹ́ láti inú báńkì.

Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ gẹ́gẹ́ bí òbí. Nígbà tí ìyá Yorùbá bá ní ọmọ òun kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan ló ń sọ. Ó ti fi ọ́ pọ̀n wọ ibẹ̀, ó ti fún ọ ní owó ọrẹ tí ìwọ ká mọ́ ọwọ́ títí ó fi lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ó ti fi apá rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún ọ nígbà tí ìwàásù gùn. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga ló ń rí. Nígbà tí o bá lọ sílé fún ọlidé, bá a lọ.

LẸ́TÀ KẸTA, LÁTI ÌKÒRÒDÚ

Olóòtú, àwa mẹ́fà ni a wà nílé mi, ọkọ̀ mẹ́ta ni a sì ń wọ̀ kí a tó dé orí ilé ìjọ wa. A ti ń lọ lẹ́ẹ̀mejì péré lóṣù báyìí. Pásítọ̀ wa ní ẹni tí kò bá wá ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ti padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́. Ó ń dun ìyàwó mi débi pé ó fi owó oúnjẹ wọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

ÌDÁHÙN

Arákùnrin wa, ẹ bá wa kí ìyàwó yín, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Títí di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí oṣù keje ọdún yẹn tó parí, ó ti kọjá 600. Gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ní Èkó ló mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó ọkọ̀. Ènìyàn mẹ́fà, ọkọ̀ mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀: owó ọkọ̀ ènìyàn 36 ni fún ọjọ́ ìsìn kan ṣoṣo. Bí a bá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó di 108. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ tọ pásítọ̀ yín lọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì ṣírò rẹ̀ rí.

Àwọn ìjọ kan ti ro ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìjọ Ìràpadà fi ṣe ìpinnu pé àwọn yóò máa dá ẹ̀ka sílẹ̀ títí tí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nílùú yóò fi máa dé ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ béèrè ẹ̀ka ìjọ yín tó sún mọ́ Ìkòròdú jù, ẹ máa jọ́sìn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sí orí ilé ìjọ nígbà ìdúpẹ́ oṣù. Bí kò bá sí ẹ̀ka, ẹ ní kí wọ́n gbà yín láyè láti bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú ilé yín. Ọ̀pọ̀ ìjọ tó kún lónìí, yàrá ẹnì kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

LẸ́TÀ KẸRIN, LÁTI PECKHAM NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo sì fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù méje nìyí tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Ìyá mi ní Iléṣà ṣì ń bá mi san owó kíláàsì lọ́dọọdún nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa. Ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ mi jáde nínú ìwé. Ṣé ọmọ ìjọ ni mí ṣì, àbí mò ń tan ara mi jẹ?

ÌDÁHÙN

Arábìnrin wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọmọ ìjọ ni yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn owó tí ìyá yín ń san, nítorí ó kan ìbéèrè yín gan-an.

Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol, gbèsè wà lórí ilé ìsìn tí John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ ìjọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ènìyàn bí méjìlá pẹ̀lú olórí kan, kí olórí náà máa lọ gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí àwọn olórí ṣe ń wọ ilé kiri ni wọ́n ń rí ohun tí wọn kò rò: ọkọ tó ń lu ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò jẹun, ẹni tó ti sọ ìrètí nù. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀wò ló di pàtàkì, kọ́bọ̀ náà sì di ẹ̀yìn. Kíláàsì nìyẹn. Òun ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì gbé wá nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tó sì tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Áńgílíkà wa pẹ̀lú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín wa ni pé owó dúró, ìbẹ̀wò sọnù. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, ọjọ́ tí ẹnì kan bá kú ni wọ́n tó ń ṣí ìwé kíláàsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó jẹ gbèsè kí wọ́n tó sin ín. Ìyá yín mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń san án, ìfẹ́ ló sì fi ń san án. Ẹ má dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gba nọ́ńbà olórí kíláàsì yín fún yín. Ẹ pe onítọ̀hún fúnra yín, kí ẹ sọ fún un pé ẹ wà láàyè, pé ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí ó sì máa fi orúkọ yín sínú àdúrà. Mo mọ irú àwọn olórí kíláàsì wọ̀nyẹn. Ẹlòmíràn nínú wọn ti ń retí irú ìpè bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ní Peckham ńkọ́? Ìjọ pọ̀ gan-an ní àdúgbò yín. Àwọn kan ní ìsìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan ní ìpàdé àdúrà ní àárín ọ̀sẹ̀, àwọn Yorùbá sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má wá èyí tó tóbi jù. Ẹ wá èyí tí ẹnì kan yóò ti béèrè orúkọ yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí yóò sì rántí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ mú ìwé iṣẹ́ yín dání, kí ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí ẹ kò ní lọ síbi iṣẹ́ lóṣù náà fún onítọ̀hún, kí ó lè mọ ọjọ́ tí yóò máa wojú ọ̀nà fún yín, kí ó sì mọ èyí tí yóò pè yín bí kò bá rí yín.